Ìyapa Ẹgbẹ́ Kọ́múnístì Brítéènì (1956)

Ìyapa Ẹgbẹ́ Kọ́múnístì Brítéènì jẹ́ ìpínyà tó wáyé láàárín àwọn olóṣèlú apá òsì ní Brítéènì ní ọdún 1956, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì wọ orílẹ̀-èdè Húngárì láti tẹ ìdìde àwọn ará ìlú rì.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ni wọ́n kọlu Budapest, olú-ìlú Húngárì. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní Brítéènì gbè lẹ́yìn Sófíẹ̀tì. Wọ́n ní àwọn tó fẹ́ dá ètò àtijọ́ padà ló wà nídìí rúkèrúdò náà. Ṣùgbọ́n Peter Fryer, akọ̀ròyìn Daily Worker, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, tó wà ní Húngárì, kọ̀wé pé àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ló dìde. Wọ́n gé lára ìròyìn rẹ̀, wọ́n sì gbé ìyókù pamọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn E. P. Thompson àti John Saville fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ sì jáde pẹ̀lú. Eric Hobsbawm, onímọ̀ ìtàn bíi tiwọn, fọwọ́ sí ìwé ìtakò, síbẹ̀ ó dúró nínú ẹgbẹ́.

Ìbéèrè tó pín wọn níyà ni pé: ṣé ìjọba tó pe ara rẹ̀ ní ti òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n gbè lẹ́yìn ni, àbí àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba náà ń yìnbọn lù? Láti inú ìyapa yìí ni ẹgbẹ́ ìrònú tí a mọ̀ sí Apá Òsì Tuntun ti dìde, tí ó dá ìwé àtìgbàdégbà New Left Review sílẹ̀ ní ọdún 1960.