iṣan

Ọ̀rọ̀-orúkọ. 1. Okùn tó so ẹran ara mọ́ egungun. 2. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. 3. Okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Ìlò: Ìtumọ̀ kẹta ni ti oníṣègùn ẹranko tó ń yẹ iṣan ajá wò. Bí ọkọ̀ bá gbá ajá ní Lákọ̀wé, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí kò lè dìde, yóò fún un ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pinpin. Bí ajá bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, inú alájá a dùn. Òótọ́ ni pé iṣan ẹsẹ̀ náà kò já. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni àṣẹ ìfasẹ́yìn ti wá, ó lè má kan ọpọlọ rárá. Kí ajá yíjú wò tàbí kí ó ké ni à ń retí. Nítorí náà, “iṣan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́” yàtọ̀ sí “ó mọ ìrora”.