Iṣẹ́ Kóróṣè: Láti Ìgbà Ìyàn Títí dé Ọjà Ọdún Kérésìmesì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ohun pẹlẹbẹ kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí, òun náà ni aṣọ ìgbékòkò: ègé aṣọ onígun mẹ́rin tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí a ń fi òwú pupa, òwú aláwọ̀ ewé àti òwú funfun ṣe nígbà ọdún Kérésìmesì, tí a sì ń fi gbé ìkòkò ìrẹsì kúrò lórí iná kí ó má baà jó wa lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé bi mí pé, kí ni ìtàn rí nínú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀? Èsì mi ni pé ohun kékeré a máa rìn jìnnà. Iṣẹ́ tí a fi ń ṣe aṣọ yìí ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, ó gba inú ìyàn kọjá, àwọn ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ tí àwọn ajíhìnrere gbé wá la ọ̀nà fún un ní ilẹ̀ wa, ó sì di ohun tí a lè bá pàdé ní ọjà ìlú ńlá bíi New Market ní Enugu. Mo fẹ́ kí a tọpa ìrìn náà, kí àwa tí a ó di olùkọ́ lè mọ ẹrù tí ó wà ní orí wa.

Kí ni kóróṣè? Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ tí a fi ń pẹja, ni a fi ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ìwọ̀ kékeré ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó yàtọ̀ sí híhun alábẹ́rẹ́ méjì tí a fi ń ṣe súẹ́tà. Nínú híhun alábẹ́rẹ́ méjì, ojú òwú púpọ̀ ni ó ń wà lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti kóróṣè, a ń parí ojú kan kí a tó bọ́ sí òmíràn. Kò sì pẹ́ láyé tó bí a ti lè rò. Òfì àti kíjìpá ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní Yúróòpù pàápàá, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ̀rí tí ó dájú nípa rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní ọdún 1823, ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan ní ilẹ̀ Dutch, tí ń jẹ́ Pénélopé, tẹ àpẹẹrẹ iṣẹ́ náà jáde.

Nígbà náà, eré ọwọ́ àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ìyàn ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́. Ní ọdún 1845, àrùn kọlu pòtétò ní ilẹ̀ Ireland. Pòtétò yìí ni oúnjẹ àwọn tálákà ibẹ̀, bí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Láàrin ọdún díẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Nínú wàhálà yìí ni àwọn sístà Ursuline ní Blackrock, lẹ́bàá ìlú Cork, ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kóróṣè kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Ní ọdún 1847, Cassandra Hand, aya àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, mú iṣẹ́ náà wọ ìlú Clones ní agbègbè Monaghan. Ní London, Éléonore Riego de la Branchardière ń tẹ ìwé àpẹẹrẹ jáde tí àwọn tí ó wà lókèèrè lè tẹ̀ lé. Àwọn obìnrin Ireland wọ̀nyí ń fi ìwọ̀ lásán ṣe àfarawé léèsì olówó iyebíye ti ìlú Venice, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń rà á lọ́wọ́ wọn. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé, àwọn mìíràn sì fi san owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun kan níhìn-ín. Ìwé àpẹẹrẹ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí kò mọ̀wé. Bí iṣẹ́ náà ṣe tàn kálẹ̀ ni pé ẹnì kan jókòó ti ẹnì kejì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi bí a ti ń fa òwú hàn án, ẹni tí ó kọ́ náà sì lọ kọ́ àbúrò rẹ̀. Olùkọ́ ni ó gbé iṣẹ́ yìí láti ilé dé ilé.

Ní ilẹ̀ tiwa, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni ó kọ́kọ́ bá ìwé wọlé. Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ìránṣọ wà lára ohun tí Anna ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ó gbà sí ọ̀dọ̀. Ní ọdún 1869, ìjọ CMS dá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó. Ilé-ìwé yìí àti ti Kúdẹtì ni ó para pọ̀ di St. Anne's, Ìbàdàn, ní ọdún 1950. Èrò àwọn tí ó gbé irú ẹ̀kọ́ yìí wá ni pé ọmọbìnrin tí ó bá mọ abẹ́rẹ́ lò yóò di aya rere fún olùkọ́ àti katikíìsì. Èrò yìí há ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí ìyá ọmọbìnrin náà ti ń ṣòwò lọ sí ọ̀nà jíjìn kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà parí sí ibi tí àwọn tí ó gbé e wá fi í sí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di òwò.

Ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Ireland gan-an ni ọ̀pọ̀ ajíhìnrere ìjọ Àgùdà ti wá. Joseph Shanahan dé ibẹ̀ ní ọdún 1902, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1920. Nígbà tí ó rí i pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kò lọ déédéé, ó dá ẹgbẹ́ àwọn sístà Holy Rosary sílẹ̀ ní Killeshandra, ní agbègbè Cavan, ní ọdún 1924. Ní ọdún 1928 ni àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn wọ Nàìjíríà. Agbègbè Cavan àti agbègbè Monaghan tí Clones wà pààlà; ọmọ-ọmọ àwọn tí ìyàn bá jà ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n dá ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀, iṣẹ́ òwú àti abẹ́rẹ́ sì wà lára ohun tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ pẹ̀lú ìwé kíkà àti ìṣirò.

Enugu fúnra rẹ̀ kò dàgbà ju àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí lọ púpọ̀. Ní ọdún 1909 ni àwọn tí ń wá ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ rí èédú ní agbègbè Udi. A bẹ̀rẹ̀ sí í wa á ní ọdún 1915, ojú irin tí ó ti Port Harcourt wá sì so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ òkun ní ọdún 1916. Èédú yìí ni ó kó ènìyàn jọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ èédú mọ́kànlélógún ní Iva Valley, nígbà tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ wo irú ìlú tí ó jẹ́: ìlú tí owó oṣù ọkọ lè dá dúró lójijì, tí obìnrin sì ní láti ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Ní ẹsẹ̀ òkè Milliken, níbi tí ọ̀nà àtijọ́ ti gun òkè lọ sí Ngwo, ni New Market wà. Bí oṣù Kejìlá bá sì dé, tí àwọn ará Ìgbò ń múra àtilọ ṣe Kérésìmesì ní ìlú baba wọn, kò sí ọjà ìlú náà tí kì í kún. Olúkúlùkù ń wá ohun tí yóò mú dé ilé.

Lẹ́yìn èyí ni ìyàn tún yọjú, ní ilẹ̀ Ìgbò lọ́tẹ̀ yìí. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Enugu. Ebi pa ọmọdé àti àgbà ní Biafra títí ogun fi parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ilẹ̀ Ireland, tí ó mọ ohun tí ìyàn jẹ́, kò dákẹ́: ní ọdún 1968, àwọn ènìyàn kan níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ Africa Concern sílẹ̀ láti kó oúnjẹ ránṣẹ́. Nígbà tí ogun parí, ogún pọ́n-ùn péré ni a fún àwọn tí ó ti ní owó ní báńkì, iye yòówù kí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1970 kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ East Central gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ, tí ọ̀pọ̀ ajíhìnrere sì kúrò ní ilẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí a bí nílẹ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà.

Kí ni a ti fi í ṣe? Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977, àti ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, fi iṣẹ́ ọwọ́ sí ipò ọ̀wọ̀. Lórí ìwé nìyẹn. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wa mọ bí ó ti ń rí: olùkọ́ á ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ìyá á lọ sí ọjà, á ra èyí tí ẹlòmíràn ti ṣe, ọmọ á gbé e wá, olùkọ́ á sì fún un ní máàkì. Máàkì wà, ẹ̀kọ́ kò sí. Ní ti kóróṣè, àdánù yìí pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ń hun súẹ́tà àti léèsì kò lè ṣe ojúlówó kóróṣè. Bí a bá rí i lórí àtẹ, ní New Market tàbí ní Dùgbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn kan ni ó ṣe é. Bí a kò bá kọ́ ọwọ́ mìíràn, ọjọ́ tí ẹni náà bá fi ìwọ̀ sílẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí ní àdúgbò rẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Aṣọ ìgbékòkò sì ni ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára jù fún ọwọ́ tuntun, nítorí pé ó kéré, ó sì tètè parí. Ohun àkọ́kọ́ ni òwú. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní wúùlù ní ọjà kì í ṣe irun àgùntàn rárá. Kẹ́míkà ni a fi ṣe é, yíyọ́ ni yóò sì yọ́ bí ó bá kan ìkòkò gbígbóná. Òwú gidi ni kí a lò. Láti dá wọn mọ̀, kí olùkọ́ fi iná sí ègé kékeré: òwú gidi á jóná di eérú bíi ti ìwé, ti kẹ́míkà á yọ́, á sì le kókó. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fi ìwọ̀ fa nǹkan bí ọgbọ̀n ojú tí ó so mọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Kí ó ti ìwọ̀ bọ inú ojú kan, kí ó fa òwú jáde kí ojú méjì lè wà lórí ìwọ̀, kí ó tún kọ́ òwú, kí ó sì fà á la méjèèjì já. Kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé òpin ẹ̀wọ̀n náà, kí ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀, kí ó sì máa yí i po láì fi ojú kún un. Iṣẹ́ náà yóò máa ká sókè bí àpò. Nígbà tí etí méjèèjì bá lè pàdé láàrin, kí ó rán wọn pọ̀. Yóò di onígun mẹ́rin tí ó nípọn ní ìlọ́po méjì, èyí tí yóò dáàbò bo ọwọ́. Bí ó bá fẹ́ àwọ̀ ọdún, kí ó pààrọ̀ òwú pupa sí funfun àti àwọ̀ ewé bí ó ti ń yí i po. Kí a sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi gbé ìkòkò nígbà tí ó bá tutù, nítorí omi a máa tètè gbé ooru wọlé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ yìí mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin nìkan. Ọkùnrin ni ó ń hun òfì ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ni ó ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Kò sí ẹni tí ó ní ọkùnrin wọn dínkù.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, a ó jáde láìpẹ́, a ó sì dúró níwájú kíláàsì. Bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ wá bá wa ní oṣù Kejìlá, ẹ jẹ́ kí a fún un ní ìwọ̀ àti òwú, kí a ní kí ó ṣe ojú mẹ́wàá péré lójú wa. Èyí tí kò gún nínú mẹ́wàá náà, kí a tú u, kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí a sì jọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Clones ní ọdún 1847.