Ìwé Ìgbéyàwó Àtijọ́ àti Ìtàn Ìdílé Wa

Àwọn baba wa kò fi ìtàn ìdílé ṣeré. Oríkì ń sọ orísun wa fún wa, ṣùgbọ́n oríkì kì í ka ọdún. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ mọ ọjọ́ tí ìyá-ńlá rẹ̀ wọ ilé ọkọ, àti ọmọ ẹni tí í ṣe, ìwé ìgbéyàwó inú ìjọ ni kí ó tọ̀ lọ.

Níbẹ̀ ni a kọ ọjọ́ ìgbéyàwó, orúkọ, iṣẹ́ àti ibùgbé ọkọ àti ìyàwó, àti orúkọ baba àwọn méjèèjì pẹ̀lú iṣẹ́ wọn. Ẹ má ṣe fo orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, nítorí ìbátan ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí ikán bá ti jẹ ìwé ìjọ, ìrètí kò tíì pin. Láti ọdún 1884 ni Òfin Ìgbéyàwó ti wà ní Èkó. Ìlànà òfin náà lóde òní ni pé kí àlùfáà kọ ìwé ẹ̀rí méjì: kí ó fi ọ̀kan fún tọkọtaya, kí ó sì fi èkejì ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbéyàwó ti ìjọba láàrin ọjọ́ 7. Ṣùgbọ́n a kì yóò rí ẹni tí ó gbéyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀ nìkan nínú ìwé wọ̀nyí. Ẹ wá a nínú ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ rẹ̀.

Orúkọ ni ó ń mú ọ̀pọ̀ olùwádìí ṣìnà. Ní Sàró, ní ọdún 1829, Samuel Àjàyí Crowther gbé Asano níyàwó, ẹni tí a ti sọ ní Susan Thompson. Ẹni tí ó bá ń wá Asano nìkan lè ṣí ojú ewé náà kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni David Brown Vincent di Mọ́jọlá Agbébì ní ọdún 1894. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ bèèrè gbogbo orúkọ ẹni náà lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ẹ̀yin olùfẹ́, ẹ gbé ìwé ìjọ kúrò nílẹ̀ tútù, ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn. Bí àwọn ìwé wọ̀nyí bá parun, ọ̀pọ̀ ìyá tí ó gbé ìjọ yìí ró kì yóò ní orúkọ mọ́ lẹ́nu àrọ́mọdọ́mọ wọn.