Surfactant àti ẹ̀rún-nánò pọ́límà nínú iṣẹ́ ìṣègùn

Ẹ̀rún-nánò pọ́límà ni ẹ̀rún kín-ín-kín-ín tí a fi ń gbé oògùn wọ inú ara. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà láàárín nánómítà 50 sí 300, bẹ́ẹ̀ irun orí kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí nánómítà 80,000. Kíkéré yẹn gan-an ló ń fa wàhálà: ẹ̀rún tó kéré tó báyìí máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá dì, wọn á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Bí a bá sì fà wọ́n sínú abẹ́rẹ́, wọ́n lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Surfactant ni kì í jẹ́ kí wọ́n dì.

Àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú ní Òsì-Èkìtì ti ń ṣe surfactant tipẹ́. Omi eérú èèpo kòkó tí wọ́n sè pẹ̀lú àdín ń di ohun tí apá kan rẹ̀ ń fẹ́ omi, tí apá kejì ń fẹ́ epo. Ti oògùn náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ a kò lè gún ọṣẹ sára ènìyàn, torí á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Polysorbate 80, poloxamer 188 àti polyvinyl alcohol (PVA) ni àwọn apoògùn sábà máa ń lò. Polysorbate 80 kò ṣàjèjì sí wa: ó wà nínú wóró Coartem tí a ń gbé mì fún ibà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le púpọ̀ láti sọ. Wọ́n á yọ́ oògùn àti pọ́límà PLGA nínú kẹ́míkà tó ń tètè gbẹ, wọ́n á dà á sínú omi tí PVA wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọ̀n ọ́n títí yóò fi di ẹ̀kán wẹ́wẹ́. PVA á bo ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Kẹ́míkà á gbẹ, ẹ̀rún á kù. Nínú ara, PLGA á tú di lactic acid àti glycolic acid, tí ara mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n. PVA ni kì í fẹ́ kúrò: bó ti wù kí wọ́n ṣan ẹ̀rún náà tó, díẹ̀ á ṣẹ́ kù lára rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù yìí ni ara kọ́kọ́ ń bá pàdé, ibẹ̀ ló sì dùn jù lójú tèmi. Ní 1995, Jörg Kreuter ará Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi polysorbate 80 bo ẹ̀rún tó gbé dalargin, oògùn ìrora tí kì í ráyè wọ ọpọlọ láti inú ẹ̀jẹ̀. Ìrora rọlẹ̀ lára àwọn eku tí wọ́n gún un fún. Àlàyé tí wọ́n wá rí ni pé polysorbate ń fa apolipoprotein E inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, ọpọlọ sì ń gba èyí wọlé.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Cremophor EL, surfactant tí wọ́n fi ń yọ́ oògùn paclitaxel fún àrùn jẹjẹrẹ, lè fa ìṣòdì ara tó le. Kòríà Gúúsù fọwọ́ sí Genexol-PM, paclitaxel tí kò ní Cremophor EL nínú, ní 2007. Nínú tirẹ̀, pọ́límà náà ló ń ṣe iṣẹ́ surfactant fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rún inú omi kì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń fi ìtutù gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, pẹ̀lú ṣúgà trehalose tí kò ní jẹ́ kí yìnyín fún wọn pọ̀. Bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, omi abẹ́rẹ́ ni nọ́ọ̀sì yóò fi pò ó kó tó gún un.