Májèlé Tí Ó Di Oúnjẹ: Ìtàn Sẹ̀lẹ́níọ̀mù Nínú Oko àti Nínú Ewébẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní Ìwé Àwọn Ọba Kejì yóò rántí ìtàn méjì tí ó wà níbẹ̀ nípa wòlíì Èlíṣà. Ní Jẹ́ríkò, ìlú dára ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò dára. Wòlíì náà kò lọ láti ilé dé ilé láti wo àmù olúkúlùkù, orísun omi ni ó lọ, ibẹ̀ ni ó sì da iyọ̀ sí. Ní Gílígálì ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan já èso ìtàkùn igbó tí kò mọ̀, ó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó pa gbogbo àwọn tí ó jókòó ti ìkòkò náà. Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí jọ méjèèjì. Ìtàn ohun kan ni, èyí tí a kọ́kọ́ mọ̀ sí apani, tí a sì wá rí i lẹ́yìn náà pé àìsí rẹ̀ pẹ̀lú a máa pa ènìyàn. Ìtàn orílẹ̀-èdè kan sì ni, tí ó pinnu láti da ohun náà sí orísun oúnjẹ gbogbo ará ìlú. Sẹ̀lẹ́níọ̀mù ni à ń pè é.

Ní ọdún 1817, Jöns Jacob Berzelius, ọ̀mọ̀wé ará Swídìn, ń yẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa kan wò, èyí tí ó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń fi imí-ọjọ́ ṣe ásíìdì ní Gripsholm. Láti ibi ìwakùsà Falun ni imí-ọjọ́ náà ti wá. Ó kọ́kọ́ rò pé tellurium ni òun rí, ohun tí wọ́n ti fi orúkọ ilẹ̀ ayé sọ ní èdè Látìn. Nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n tí wọ́n jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, ó fi orúkọ òṣùpá ní èdè Gíríkì, Selene, sọ èyí tuntun náà. Ó sì tún jọ imí-ọjọ́ fúnra rẹ̀ gidigidi. Kí òǹkàwé má ṣe gbàgbé ìjọra yìí, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ewébẹ̀ dúró.

Fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ibi nìkan ni a mọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1860, dókítà ológun kan, T. C. Madison, kọ ìròyìn nípa àìsàn tí ó kọlu àwọn ẹṣin ní Fort Randall, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní South Dakota nísinsìnyí. Irun gọ̀gọ̀ àti irun ìrù wọn ń re. Pátákò wọn ń là, ó sì ń bọ́, títí wọn kò fi lè rìn lọ jẹko mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí ó wá tẹ̀dó sí agbègbè náà di ẹ̀bi náà ru omi kíkorò inú kànga wọn. Ó di ọdún 1930 àti díẹ̀ kí Kurt Franke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Dakota tó fi hàn pé kì í ṣe omi, bí kò ṣe ọkà àti koríko. Sẹ̀lẹ́níọ̀mù ti inú ilẹ̀ gòkè wọ inú wọn. Àgbẹ̀ tí ó ń fi ọkà oko ara rẹ̀ bọ́ ẹran rẹ̀ ni ó ń fún un ní májèlé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Ní ọdún 1957, Klaus Schwarz àti Calvin Foltz, tí ń ṣiṣẹ́ ní Bethesda ní Amẹ́ríkà, rí àwọn eku tí ẹ̀dọ̀ wọn ń kú mọ́ wọn nínú nítorí irú oúnjẹ tí à ń fún wọn. Ohun tí ó sì dáàbò bo ẹ̀dọ̀ náà ni sẹ̀lẹ́níọ̀mù, ní ìwọ̀n tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ní ọdún 1973 ni a mọ iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe: ó jẹ́ apá kan nínú ohun tí ara fi ń pa oró tí mímí àti jíjẹ wa ń dá sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n eku ni eku ń jẹ́. Ní Ṣáínà ni a ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ ènìyàn. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti kíyè sí àìsàn kan ní agbègbè Keshan, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Ó ń sọ iṣan ọkàn di aláìlágbára. Àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin tí ó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ni ó sì ń mú jù lọ. Àwọn àgbẹ̀ tí kì í jẹ ohunkóhun bí kò ṣe èyí tí ilẹ̀ tiwọn bá mú jáde ni ó ń bá jà, ilẹ̀ náà kò sì ní sẹ̀lẹ́níọ̀mù tí ó tó. Ní ọdún 1974, ní Mianning ní ìpínlẹ̀ Sichuan, wọ́n pín àwọn ọmọdé sí ọ̀nà méjì. Ọmọ 4,510 ń gba hóró oògùn tí ó ní iyọ̀ sẹ̀lẹ́níọ̀mù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ 3,985 ń gba hóró tí kò ní nǹkan nínú. Nígbà tí ọdún yí po, 10 ni àìsàn náà mú nínú àwọn ti ìṣáájú, 54 ni ó mú nínú àwọn ti ìkejì. Wọ́n tún ṣe é ní ọdún 1975, bákan náà ni ó rí. Nígbà tí ó di ọdún 1976, wọ́n fi í fún gbogbo wọn. Àwa tí à ń pe orúkọ ọmọ láràárọ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ka iye náà, 54, kí a má dúró díẹ̀. Láìsí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, a kì bá tí ì mọ òtítọ́ náà dájú. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ọmọ ẹni kan. Ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú pé àìtó sẹ̀lẹ́níọ̀mù nìkan kọ́ ni ó ń fa àìsàn yìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn náà fi hàn pé kòkòrò àrùn kan a máa lo àyè náà láti gba agbára.

Nísinsìnyí a dé Fínláǹdì. Ilẹ̀ náà kò ṣàìní sẹ̀lẹ́níọ̀mù pátápátá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kíkan, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ni. Ó dì í mú ṣinṣin, gbòǹgbò kò sì lè gbà á. Iṣan àwọn ọmọ màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ wọn ń bàjẹ́. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ pẹ̀lú ń jẹ díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ: ní àárín àwọn ọdún 1970, nǹkan bí máíkírógíráàmù 25 ni ẹnì kan ń jẹ lójúmọ́. (Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù.) Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ní ọdún tí ìkórè wọn bá kùnà tí wọ́n sì ra àlìkámà láti Àríwá Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn a gòkè. Kọ́ńtínẹ́ǹtì tí ẹṣin Madison ti pàdánù pátákò rẹ̀ ni ó wá ń bọ́ àwọn ará Fínláǹdì ní ohun tí wọ́n ṣaláìní!

Ní ọdún 1984 ìjọba wọn pinnu, àti láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń po iyọ̀ sẹ̀lẹ́níọ̀mù mọ́ ajílẹ̀: mílígíráàmù 16 nínú kílógíráàmù ajílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọkà àti ọgbà ewébẹ̀, 6 fún koríko ẹran. Kí ọdún mélòó kan tó kọjá, ohun tí ẹnì kan ń jẹ lójúmọ́ ti ju máíkírógíráàmù 100 lọ. Wọ́n rí i pé ó ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1990 wọ́n dín in kù sí 6 fún gbogbo ajílẹ̀. Ó tún wá kéré jù; ní ọdún 1998 wọ́n sọ ọ́ di 10, ní ọdún 2007 wọ́n sọ ọ́ di 15.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ta ni ó fún ìjọba láṣẹ láti fi oògùn sínú oúnjẹ ẹni tí kò béèrè? Ìbéèrè ńlá ni, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tí kò fẹ́ hóró oògùn lè tu ú dànù; ẹni tí kò fẹ́ búrẹ́dì àti wàrà ìlú rẹ̀, kí ni yóò jẹ? Ohun tí ó mú wa fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò dẹ́kun wíwọ̀n: ilẹ̀, ọkà, wàrà, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí ní gbangba, wọ́n sì ń yí ìwọ̀n padà nígbà tí ó bá yẹ. Bí kò bá sí ti wíwọ̀n yìí, a kì bá dára pọ̀ mọ́ wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà, èyíinì ni fífín in sára ewé. Nínú èyí tí a bá pò mọ́ ilẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni irúgbìn ń rí gbà. Ìyókù a há sínú erùpẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń yọ́ iyọ̀ náà sínú omi, nǹkan bí gíráàmù 10 sẹ̀lẹ́níọ̀mù fún hẹ́kítà kan, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fín in sí ewé ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò mú, kí omi náà má bàa gbẹ kí ó tó wọlé. Ewé a gbà á gba ara awọ rẹ̀ tí ó dàbí ìda, àti gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ó fi ń mí. Nínú ibẹ̀ ni ìjọra tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń ṣiṣẹ́. Bí Ísáákì ti fi ọwọ́ kan Jákọ́bù tí ó sì rò pé Ísọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni irúgbìn gba sẹ̀lẹ́níọ̀mù tí ó sì rò pé imí-ọjọ́ ni. Ó fi í sí ipò imí-ọjọ́ nínú ẹran ara rẹ̀. Àlùbọ́sà, aáyù, kábéèjì àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí ó fẹ́ràn imí-ọjọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn wọn fi ń sọ ọ́, ni ó sì ń gbà á jù lọ. Àlùbọ́sà tilẹ̀ ní àǹfààní kan: ewé rẹ̀ ni à ń fín, orí rẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni à ń jẹ, nítorí náà ohun tí ó bá dé ẹnu wa, irúgbìn náà ni ó gbé e lọ síbẹ̀. Ti ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ ewé rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fín lè wà lára rẹ̀ síbẹ̀ bí a bá tètè já a.

Kí ni ó dé tí Fínláǹdì kò fi mú ọ̀nà yìí, tí kì í fi nǹkan ṣòfò? Òjò lè fọ̀ ọ́ dànù. Afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, olúkúlùkù àgbẹ̀ ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn májèlé. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ tí kò pọ̀, a lè ṣọ́ ọ. Ta ni yóò ṣọ́ gbogbo àgbẹ̀? Àyè tí ó wà láàárín àìtó àti àpọ̀jù kò sì fẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún àgbàlagbà ní ọdún 2000 ni máíkírógíráàmù 55 lójúmọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ó má ṣe kọjá 400. Èyí kò tó ìlọ́po mẹ́jọ. Ọwọ́ tí ó bu iyọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ sínú ọbẹ̀ lè kọjá ìlọ́po mẹ́jọ kí ìyàwó ilé tó mọ̀.

A kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ikú àrùn ọkàn dín kù ní Fínláǹdì, ṣùgbọ́n ó ti ń dín kù kí ọdún 1985 tó dé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001 láti fún àwọn ọkùnrin ní máíkírógíráàmù 200 lójúmọ́ láti wò ó bóyá yóò dènà àrùn jẹjẹrẹ kan. Àwọn tí ó wọ inú ìdánwò náà ju 35,000 lọ. Ní ọdún 2008 wọ́n dá a dúró, nítorí kò dènà rẹ̀. Ẹni tí ó ṣaláìní ni ó ń ṣe lóore. Ẹni tí ó ti yó kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀.

Ó ku ibì kan tí a kò tíì mẹ́nu bà. Ní Enshi, ní ìpínlẹ̀ Hubei ní Ṣáínà, sẹ̀lẹ́níọ̀mù pọ̀ nínú ilẹ̀ láti inú òkúta èédú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọ̀dá pa ìrẹsì wọn, wọ́n sì ń fi ewébẹ̀ àti àgbàdo orí ilẹ̀ náà gbé ara ró. Irun orí wọn re, èékánná wọn bọ́, gẹ́gẹ́ bí pátákò ẹṣin Fort Randall. Lónìí, tíì àti ewébẹ̀ Enshi ń lọ sí ọjà, àwọn tí ń tà á sì ń kọ ọ́ sára àpò pé sẹ̀lẹ́níọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, kí àwọn oníbàárà lè rà á.