Módẹ́ẹ̀mù

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, modulator àti demodulator, ni wọ́n gé pọ̀ di orúkọ ẹ̀rọ yìí. Òdo àti ọ̀kan nìkan ni kọ̀ǹpútà ń lò. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́, ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Módẹ́ẹ̀mù ló ń ṣe ògbufọ̀ láàrin àwọn méjèèjì: ó ń sọ òǹkà di ìró níhìn-ín, ó ń tú ìró padà sí òǹkà lọ́hùn-ún.

Ṣáájú kí GSM, ìyẹn nẹ́tíwọ́kì fóònù alágbèéká, tó dé Nàìjíríà ní 2001, wáyà NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, kò dé ọ̀pọ̀ abúlé wa. Lónìí, ẹ wo ẹ̀rọ POS tí a fi ń sanwó tàbí gba owó ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà tàbí Akánrán ní agbègbè Ìbàdàn. Módẹ́ẹ̀mù wà nínú rẹ̀, síìmù ló sì ń bá ṣiṣẹ́: òun ló ń gbé ìbéèrè lọ sí báńkì, tó ń gbé èsì bọ̀. Bí nẹ́tíwọ́kì bá ṣe ségesège, èsì lè má dé, kì í sì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ọmọ tó di ẹ̀rọ mú. A tètè máa ń bú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù.

Bí wọ́n bá yọ owó nínú àkáǹtì yín tí owó kò tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ gba ìwé pélébé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde, kí ẹ sì mú un lọ sí báńkì yín.