Ọ̀gbìn koríko ẹran ọ̀sìn lórí ilẹ̀ oníyọ̀

Ọ̀gbìn koríko ẹran ọ̀sìn lórí ilẹ̀ oníyọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a lè fi omi ìdọ̀tí tí a ti sẹ́, tí a sì ti pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀, bu omi rin koríko tó lè fara da iyọ̀. Ilẹ̀ a máa di oníyọ̀ nígbà tí oòrùn bá fa omi rẹ̀ gbẹ, tí iyọ̀ sì ṣẹ́kù sídìí gbòǹgbò. Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, òjò tó ń ju 1,000 mìlímítà lọ lọ́dún ń fọ iyọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà eèsún ń hù níbẹ̀ láìsí ìṣòro. Etíkun Ìlàjẹ, níbi tí omi òkun ti gba ojú kánáálì wọ irà omi aládùn ní agbègbè Awóyè, ni ọ̀ràn náà ti le ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Omi ìdọ̀tí tí a tọ́jú ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń dín owó ajílẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó tún ní iyọ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń bu omi tó pọ̀ ju èyí tí koríko nílò lọ, tó sì ń la ojú àgbàrá, kí iyọ̀ lè ṣàn kúrò. ICBA, ibùdó àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ orí ilẹ̀ oníyọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Dubai ní 1999, ń ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀gbìn yìí.